Nígbà tí Ara Kò Bá Ga Mọ́

Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: FÚN KÍLÁÀSÌ ÀWỌN ÀGBÀ

Bíbélì kíkà: Lúùkù 2:40-52, Mátíù 6:25-34, Éfésù 4:11-16

Ẹsẹ̀ àkọ́sórí: Lúùkù 2:52. Kí gbogbo kíláàsì kà á pọ̀ láti inú Bíbélì ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Èrò gbòógì: Ọlọ́run fi òpin sí gíga ara, ṣùgbọ́n kò fi òpin sí dídàgbà ènìyàn.

Ète ẹ̀kọ́: Nígbà tí a bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè
(1) sọ ìgbà tí ara ń dáwọ́ gíga dúró, àti ìdí rẹ̀;
(2) kọ oògùn ẹ̀tàn àti irọ́ ọjọ́ orí sílẹ̀;
(3) yan ọ̀nà kan tí òun yóò gbà dàgbà sí i nínú ọdún yìí.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, mo jẹ́ ẹni ọdún 22, èmi ni mo sì kúrú jù láàrin àwọn ọkùnrin kíláàsì wa. Wọ́n rán wa lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama fún ìdánrawò. Bí mo bá na ọwọ́ láti kọ déètì sí òkè pátákó, àwọn ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn a máa rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn kan nínú wọn ga jù mí lọ.

Ní ọjọ́ kan mo wọ ọkọ̀ èrò láti Ọ̀yọ́ bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin kan fi dìde, ó gbàdúrà fún wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn. Ó ní ọ̀kan wà fún jẹ̀díjẹ̀dí, ọ̀kan wà fún ojú, ọ̀kan sì wà tí ń mú ènìyàn ga, ìbáà jẹ́ ẹni ogójì ọdún. Mo ra ìgò méjì. Owó oúnjẹ tí màmá mi kó lé mi lọ́wọ́ ni mo fi rà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo dúró ti ẹnu ọ̀nà yàrá mi, mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí orí mi dé, mo sì lo oògùn. Nígbà tí mo jí ní òwúrọ̀, mo tún wọn ara mi. Mo ti ga kọjá àmì náà! Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo tún wọ̀n ọ́n, mo sì rí i pé ojú àmì àná ni mo padà sí. Báyìí ni mo ṣe fún oṣù méjì: ayọ̀ ní òwúrọ̀, ebi ní ọ̀sán, ìbànújẹ́ ní alẹ́.

Ẹ̀yìn èyí ni olùkọ́ wa kan là mí lójú. Ó ní láàrin egungun ẹ̀yìn wa, Ọlọ́run fi àwọn tìmùtìmù rírọ̀ sí i. Bí a bá ń dúró, tí a ń rìn, tí a ń ru ẹrù ní ọ̀sán, ìwúwo ara a tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí a bá sùn ní òru, wọn a tún wú. Nítorí náà gbogbo ènìyàn, àti ẹni tí ó lo oògùn àti ẹni tí kò lò ó, ni ó ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan ga sí i ní òwúrọ̀ ju ti alẹ́ lọ. Orun ni ó gbé mi sókè. Ẹni tí ó ta oògùn fún mi ni ó gba owó rẹ̀.

Lónìí mo ń gbé nítòsí Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ladoke Akintola pọ̀ sí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ìjọ wa a máa bi mí pé, "Bùọ̀dá, ṣé mo ṣì lè ga?" Àwọn òbí náà a máa béèrè nípa ọmọ wọn. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń ta oògùn nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wò ó nínú kíláàsì wa.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

I. Bí Ara Ṣe Ń Ga àti Ìgbà tí Ó Ń Dúró

Ẹ rántí bí a ṣe ń jẹ itan adìẹ. Bí adìẹ náà bá jẹ́ ọmọdé, ìpẹ̀kun egungun rẹ̀ rọ̀, eyín a lè rún un. Bí ó bá jẹ́ àgbà adìẹ, ibẹ̀ ti le, eyín kò ràn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ènìyàn. Nítòsí ìpẹ̀kun egungun gígùn tí ó wà ní apá àti ẹsẹ̀ ọmọ, ìlà kan wà tí kì í ṣe egungun líle. Ohun rírọ̀ ni, irú èyí tí a lè fi ọwọ́ tẹ̀ ní etí àti ní orí imú wa. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ojú ìdàgbà. Ibẹ̀ ni ohun rírọ̀ tuntun ti ń jáde lójoojúmọ́, èyí tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀ a sì di egungun. Báyìí ni egungun ṣe ń gùn sí i, tí ọmọ sì ń ga.

Bí ọmọ bá tó ìgbà ìbàlágà, ara rẹ̀ a yára. Ti ọmọbìnrin a máa ṣáájú, láàrin ọdún 10 sí 12. Ti ọmọkùnrin a tẹ̀ lé e ní bí ọdún 12 sí 14. Ní ọdún tí ó yára jù, ọmọbìnrin lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ga sí i, ọmọkùnrin sì lè fi bíi 9 tàbí 10. Ìdí nìyí tí ṣòkòtò tí a rá ní ọdún Kérésì kò fi ní dé ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí ó bá di Kérésì kejì. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ọmọbìnrin ọdún 12 fi lè ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ fún sáà kan. Kí ẹ̀gbọ́n má ṣe bínú. Àkókò tirẹ̀ ń bọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri láti rán ẹ̀yà ara níṣẹ́. Àwọn dókítà ń pè wọ́n ní họ́mọ̀nù. Àwọn kan nínú wọn ń sọ fún egungun pé kí ó gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n Ẹlẹ́dàá: àwọn họ́mọ̀nù ìbàlágà tí ó ń mú ọmọ yára ga náà ni ó tún ń sọ ojú ìdàgbà di egungun líle níkẹyìn. Bí ojú náà bá ti pa pọ̀, egungun kò lè gùn mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin bá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, ìgbà tí ó ń yára jù ti kọjá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin ń dáwọ́ gíga dúró láàrin ọdún 14 sí 16. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin ń dúró láàrin ọdún 16 sí 18, àwọn díẹ̀ a sì máa rọra ga títí di ọdún 20 tàbí 21. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìgò oògùn, kò sí irin tí a lè rọ̀ mọ́, kò sí bàtà àràmàǹdà tí ó lè ṣí ojú náà padà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: ara ọmọ kì í ga bákan náà. Orí ọmọ jòjòló tóbi ju ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń lé e bá. Àwọn àgbà tí ó wà láàrin wa yóò rántí ìgbà tí kò sí ìwé ọjọ́ ìbí, pàápàá nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955. Tíṣà a ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi ọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó tó ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé títí di ọdún tí ń bọ̀. Àwọn tí ó lo ọ̀nà náà kò kọ́ ìmọ̀ egungun, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣàkíyèsí bí Ọlọ́run ṣe ń mú ọmọ ènìyàn dàgbà.

II. Dídúró Náà Jẹ́ Àánú

A máa ń ka dídúró yìí sí àdánù. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí tirẹ̀ kò dúró. Robert Wadlow ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1918 ní ìlú Alton ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà kékeré kan wà ní abẹ́ ọpọlọ, tí ó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, tí ń tú họ́mọ̀nù gíga sínú ẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń tú u jáde láìsinmi. Wadlow ga títí ó fi tó mítà 2.72. Ó nílò irin láti fi ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lè rìn, kò sì mọ ìgbà tí nǹkan bá gún un lẹ́sẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri. Irin náà ni ó bó o lẹ́sẹ̀, egbò náà sì di ikú fún un ní oṣù keje ọdún 1940. Ẹni ọdún 22 ni, ó sì ṣì ń ga. Iye ọdún kan náà ni mo jẹ́ nígbà tí mo ń ra oògùn gíga.

Ní ọdún 1994 àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọkùnrin mìíràn, ẹni ọdún 28, tí ó ga ju mítà méjì lọ. Họ́mọ̀nù tí ń pa ojú ìdàgbà dé wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i. Nítorí náà ojú ìdàgbà rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ bíi ti ọmọ ọdún 15, ó sì ń ga lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣé egungun rẹ̀ wá lágbára ju ti àwọn ẹlòmíràn? Rárá o. Egungun náà fúyẹ́, kò sì ní agbára tí ó yẹ kí ó ní. Ará, bí ara rẹ bá ti dúró ní àkókò rẹ̀, kì í ṣe pé Ọlọ́run gbàgbé rẹ. Òun ni ó sọ fún egungun rẹ pé, "Ó tó."

Síbẹ̀, gbogbo ẹ̀yà ara kọ́ ni ó ń parí ní ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn tí gíga bá ti dúró, egungun ṣì ń ki sí i, ó sì ń le sí i títí di bí ọgbọ̀n ọdún. Erìgì ìkẹyìn a máa hù láàrin ọdún 17 sí 25. Egungun tí ó lọ láti ọ̀fun dé èjìká ni ó ń pa ojú ìdàgbà rẹ̀ dé kẹ́yìn nínú àwọn egungun gígùn, nígbà tí ènìyàn bá ti lé ní ogún ọdún dáadáa. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tí a fi ń ro ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wò kí a tó ṣe nǹkan, kò parí iṣẹ́ rẹ̀ títí di bí ọdún 25. Nítorí náà, ọmọ tí ó ga tó baba rẹ̀ lè máà tíì ní ìrònú baba rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi sùúrù bá a lò, ẹ má sì kó ẹrù tí ó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó kan àwọn ọmọbìnrin wa gidigidi. Egungun ìbàdí a máa fẹ̀ sí i fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọbìnrin bá ti ga tán. Ẹni tí ó wo gíga ọmọ ọdún 14, tí ó ní ó ti tó ilé ọkọ, ti wo òde nìkan. Ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà wá sí ayé lè máà tíì fẹ̀ tó. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù nítorí èyí, ọmọ lè kú, ìyá lè kú, tàbí kí ara ìyá ya kí ìtọ̀ sì máa dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ìjọ tí ó bá dákẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ fi ọmọbìnrin kékeré fọ́kọ ti jẹ̀bi lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

III. Ẹ Ṣiṣẹ́ Nígbà tí Ojú Náà Ṣì Ṣí

Gíga tí ọmọ yóò ní wà lọ́wọ́ ohun méjì: ohun tí ó jogún lọ́dọ̀ òbí, àti bí a ṣe tọ́jú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ wa. Èkejì wà lọ́wọ́ wa, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́ ayé ọmọ. Ohun tí ọmọ bá pàdánù kí ó tó pé ọdún méjì, nítorí àìjẹunkánú, ìgbẹ́ ọ̀rìn lemọ́lemọ́ tàbí ibà, ó ṣòro kí ó tó rí i gbà padà tán.

Ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo ayé ti kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a fi ń ṣọ́ èyí. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Imẹ̀sí-Ilé tí kò jìnnà sí ibẹ̀, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọ kéékèèké lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi àmì sí ìwọ̀n wọn lórí káàdì kan. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú káàdì náà sílé. Bí ìlà àmì bá ń gòkè, ó dára. Bí ìlà bá dúró gbọọrọ, ìyá àti nọ́ọ̀sì a mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, kí ara ọmọ tó rù tí ojú lásán fi lè rí i. Láti àdúgbò Iléṣà ni irú káàdì yìí ti lọ sí orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní gbogbo ayé. Ẹ̀yin ìyá tí káàdì ọmọ yín wà nísàlẹ̀ àpótí, ẹ gbé e jáde, ẹ sì máa gbé e lọ sí ibi ìwọ̀n.

Ẹ fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí ògì má ṣe dá nìkan wà nínú àwo rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀fọ́ kún un bí agbára yín bá ti mọ. Àwọn baba wa a máa sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò ya olè. Ẹ̀yin ará, ọmọ kì í ya olè nítorí ẹyin. Ṣùgbọ́n baba tí ó jẹ ẹran mẹ́ta tí ó sì fi omi ọbẹ̀ fún ọmọ ti gba ohun tí ọmọ náà lè fi ga.

Bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 13 tí kò sí àmì ọmú láyà rẹ̀, tàbí tí ọmọkùnrin pé 14 láìsí àmì ìbàlágà kankan, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ó lè má jẹ́ nǹkan. Àwọn ẹbí kan wà tí wọ́n ń pẹ́ bàlágà. Àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pẹ̀lú sábà máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú bá wà, kí ojú ìdàgbà tó pa dé ni ó lè wúlò. Láti ọdún 1907 ni dókítà ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń wo aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn náà ni ó di ti Yunifásítì Bowen lónìí. Kí á má ṣe fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ lẹ́yìn kí á lọ ra ìgò nínú ọkọ̀.

IV. Ara Kì í Purọ́

Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ọdún 2009, Nàìjíríà gba àlejò Ìdíje Ife Àgbáyé bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọkùnrin tí kò ju ọdún 17 lọ. Wọ́n gbá nínú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nítòsí wa. Ìgbà yẹn ni FIFA kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, wo ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù nínú ìdíje náà. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ojú ìdàgbà ni. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ojú ìdàgbà ọrùn ọwọ́ ọmọkùnrin tó pa dé pátápátá kí ó tó pé ọdún 17. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ náà wo àwọn ọmọ tiwa pẹ̀lú, wọ́n sì yọ àwọn kan kúrò. Àwọn tí ó kù gbá bọ́ọ̀lù dé ìparí, Switzerland sì fi àmì ayò kan sí òdo borí wọn ní Àbújá. Wọ́n pàdánù ife, ṣùgbọ́n a lè gbé orí wa sókè.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìwé lè purọ́, ẹni tí ó búra ní kóòtù lè purọ́, ṣùgbọ́n egungun ọrùn ọwọ́ kò mọ bí a ti ń purọ́. Ẹ̀rọ náà kò lè sọ ọjọ́ ìbí ènìyàn o, nítorí ara kan a máa tètè parí ju òmíràn lọ. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ojú lásán dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe kó ẹ̀bi lé àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan. Mélòó nínú wa ni ó ní ọjọ́ orí méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìjọba? Mélòó ni ó ti mú ọmọ rẹ̀ lọ dín ọdún kù kí ó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí kí ó lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́? Bí a bá dín ọdún mẹ́rin kù, Ọlọ́run ni ó fún wa ní ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwa ni a sọ pé a kò rí i gbà.

V. Ohun tí Kò Ní Òpin

Nínú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ kan wà tí ń jẹ́ helikia. Ó lè túmọ̀ sí gíga ara, ó sì lè túmọ̀ sí ọjọ́ orí. Ẹ bá mi ṣí Bíbélì.

Nínú Mátíù 6:27, Jésù béèrè bóyá àníyàn lè fi ìwọ̀n kan kún helikia ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí àwọn olùtumọ̀ kan fi kọ ọ́ bíi gíga, tí àwọn mìíràn sì kọ ọ́ bí ọjọ́ ayé. Lọ́nà méjèèjì, ìdáhùn kan náà ni. Nínú Lúùkù 19:3, ọ̀rọ̀ yìí ni a lò fún Sákéù, ẹni tí ó kúrú. Jésù kò fi nǹkan kan kún gíga rẹ̀. Kúkúrú ni ó gun igi, kúkúrú ni ó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti di ẹni tí ń san ohun tí ó fi èrú gbà padà. Nínú Jòhánù 9:21, àwọn òbí afọ́jú náà lò ó nígbà tí wọ́n sọ pé ọmọ wọn ti tó ẹni tí ń dáhùn fún ara rẹ̀. Nínú Éfésù 4:13, Pọ́ọ̀lù lò ó fún gbogbo ìjọ: ìwọ̀n Kristi ni kí a dàgbà dé. Ta ni nínú wa tí ó ti dé ibẹ̀?

Èdè tiwa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Òpó iná ga, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé òpó dàgbà. Inú "dàgbà" ni "àgbà" wà. Ẹ rántí Sọ́ọ̀lù, ẹni tí ó ga ju gbogbo Ísírẹ́lì lọ láti èjìká sókè (1 Sámúẹ́lì 10:23). Ó ga, kò dàgbà. Nígbà tí Sámúẹ́lì tún fẹ́ fi gíga Élíábù yan ọba, Olúwa dá a dúró (1 Sámúẹ́lì 16:7).

Ẹ wá wo Olúwa wa fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí a rí i nínú tẹ́ḿpìlì. Bí ẹni 30 ọdún ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ (Lúùkù 3:23). Nínú ọdún 18 tí ó wà láàrin yìí ni ara ọ̀dọ́mọkùnrin ń yára ga, tí ó ń dúró, tí egungun ń le, tí ìrònú sì ń gbó. Òun náà la gbogbo rẹ̀ kọjá ní Násárétì, nínú ilé kan tí kò lókìkí. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni Lúùkù fi ròyìn ọdún wọ̀nyí, ó sì ka ohun mẹ́rin: ọgbọ́n, ìdàgbà ara, ojúrere lọ́dọ̀ Ọlọ́run, àti ojúrere lọ́dọ̀ ènìyàn. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ní ìgbà tí ó ń dúró. Mẹ́ta yòókù kò ní ojú tí ń pa dé.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Nígbà tí oṣù méjì náà parí, mo lọ sílé, mo sì jẹ́wọ́ fún màmá mi. Mo rò pé wọn yóò bínú nítorí owó náà, nítorí gààrí ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí i. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ara rẹ ti ṣe èyí tí Ọlọ́run rán an. Ìwọ ni ó kù." Mo padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo gbé àpótí kan sí iwájú pátákó, mo dúró lé e lórí, mo sì kọ déètì. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kìíní. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbàgbé àpótí, ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń gbọ́.

Ará, bóyá ara rẹ ti dúró ní ogún ọdún sẹ́yìn, tàbí ní ogójì. Lẹ́yìn ogójì ọdún, egungun ẹ̀yìn a tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú díẹ̀díẹ̀. Ìbínú tí o ní nígbà tí o wà ní ọmọ ogún ọdún ńkọ́, ṣé iye tí ó wà nígbà náà ni ó wà síbẹ̀? Ìmọ̀ Bíbélì rẹ ńkọ́? Ìfúnni rẹ? Ìdáríjì rẹ? Mú ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, fi àmì sí ibi tí o dé lónìí, kí o sì tún wọ̀n ọ́n ní ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni kí o wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹrù ọjọ́ ti tẹ̀ ọ́, kì í ṣe òwúrọ̀ nìkan.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ojú ìdàgbà? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà ìbàlágà?
2. Báwo ni ìtàn Robert Wadlow ṣe fi hàn pé dídúró ara jẹ́ àánú?
3. Kí ni ìjọ wa lè ṣe fún ọmọbìnrin tí a fẹ́ tètè fi fọ́kọ?
4. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Kristẹni dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù nítorí iṣẹ́? Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kí ni kí ó ṣe?
5. Nínú ohun mẹ́rin tí ó wà ní Lúùkù 2:52, èwo ni ó ti dúró nínú rẹ tí kò yẹ kí ó dúró?

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́

Ajé: Lúùkù 2:40-52
Ìṣẹ́gun: 1 Sámúẹ́lì 10:17-24
Ọjọ́rú: 1 Sámúẹ́lì 16:1-13
Ọjọ́bọ̀: Mátíù 6:25-34
Ẹtì: Lúùkù 19:1-10
Àbámẹ́ta: Éfésù 4:11-16
Ọjọ́ Ìsinmi: 2 Pétérù 3:14-18

ÀDÚRÀ

Olúwa, a dúpẹ́ fún ara tí o fún wa, bí ó ti ga tàbí bí ó ti kúrú. Dárí irọ́ tí a ti pa mọ́ ọjọ́ orí wa jì wá. Ran àwọn òbí lọ́wọ́ láti bọ́ ọmọ wọn nígbà tí ó ṣì ṣeé ṣe. Má sì jẹ́ kí ọkàn wa dúró níbi tí ara wa dúró sí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.